Orúkọ ta ni wọ́n kọ sórí káàdì oúnjẹ?

Nínú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ìwé kékeré kan wà tí ó níye lórí ju owó lọ. Wọ́n kọ orúkọ ẹnì kan sí i, wọ́n kọ iye ènìyàn tí ó wà nínú ilé rẹ̀, wọ́n sì fa ìlà yí etí rẹ̀ ká kí òṣìṣẹ́ lè sàmì sí i ní ọjọ́ tí wọ́n bá pín oúnjẹ. Káàdì oúnjẹ ni. Ẹni tí ó bá mú un lọ́wọ́ ni yóò gba àgbàdo, ẹ̀wà, òróró àti iyọ̀ fún gbogbo ilé. Ẹni tí kò ní in, ojú ẹni tí ó ní in ni yóò máa wò.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ baálé ni wọ́n sábà máa ń kọ sórí káàdì yìí. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ pé kí a fìyà jẹ obìnrin. Fọ́ọ̀mù ni ó béèrè chef de ménage, akọ̀wé sì gbé ojú sókè, ó rí ọkùnrin kan, ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó kọ ọ́. Iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá padà sójú ogun ńkọ́? Bí ó bá fẹ́ ìyàwó mìíràn ní apá kejì àgọ́ tí ó sì mú káàdì lọ síbẹ̀? Bí ó bá tà á? Ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú àgọ́, a ń rí wọn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sí lórí ìwé.

Láti ibi káàdì yìí ni a fẹ́ gbà wọ inú ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, èyí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ń ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́, kí wọ́n lè máa wo ipò ọkùnrin àti ipò obìnrin kí wọ́n tó pín ohunkóhun fún àwọn ogunléndé. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kétu, ní Sábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́ ni ó ń wá iṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn ONG, pàápàá láti ìgbà tí àwọn ará Burkina Faso ti ń sá wọ àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti àríwá Tógò nítorí àwọn agbébọn. Bí wọ́n bá rí iṣẹ́ náà, wọn yóò jókòó sí irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí ó bí i, kí wọ́n sì lè dá èyí tí ó ní láárí mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ju pé kí a buwọ́ lùwé, kí a jẹ oúnjẹ ọ̀sán, kí a sì gba owó ọkọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó ń da ọkàn rú

Ní èdè Faransé, genre ni wọ́n ń pè é. Àwa tí a kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Faransé, inú ẹ̀kọ́ gírámà ni a ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀: le tàbí la, masculin tàbí féminin. Kì í ṣe èyíinì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ń wí. Bí a ṣe bí ènìyàn ní akọ tàbí abo jẹ́ ọ̀tọ̀. Ohun tí àwùjọ ní kí akọ máa ṣe àti ohun tí ó ní kí abo máa ṣe, ọ̀tọ̀ ni. Èkejì yìí ni wọ́n ń pè ní genre. Ta ni yóò lọ pọn omi? Ta ni yóò sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé? Ọwọ́ ta ni owó wà? Ìdáhùn kì í rí bákan náà láti ìlú dé ìlú, ogun sì lè yí i padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ní ohun tí ó lè fi kọ́ni níhìn-ín. Bí Yorùbá bá ní “ó ti dé”, kò sọ bóyá ọkùnrin ni ó dé tàbí obìnrin. Faransé ní tirẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ kí ó má yan ọ̀kan, síbẹ̀ bí obìnrin 99 àti ọkùnrin 1 bá jọ sá wọ ìlú, ils ni yóò pè wọ́n, réfugiés ni yóò kọ. Nítorí náà, ìròyìn tí a kọ ní Faransé lè fi obìnrin pamọ́ sábẹ́ ọkùnrin, èyí tí a kọ ní Yorùbá sì lè má fi ẹnikẹ́ni hàn rárá. Nínú èdè méjèèjì, àfi kí akọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ béèrè. A kò sọ èyí láti fi èdè kan wé èkejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ pé àwa fẹ́ràn méjèèjì.

Ìbéèrè mẹ́ta

Ọdún 1985 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ HCR, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń bójú tó àwọn ogunléndé, kọ́kọ́ gbé ìpinnu jáde lórí àwọn obìnrin tí ó wà láàárín wọn. Ní 1991, wọ́n tẹ ìwé ìlànà jáde lórí bí a ó ṣe máa dáàbò bò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó wà nínú àpótí ní Geneva kò kọ́ akọ̀wé tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ní ohunkóhun. Ní 1992 ni HCR wá gba ọ̀nà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí Mary Anderson, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò fún un. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó gbé síwájú òṣìṣẹ́. Àwọn wo ni wọ́n wà níbí, irú ìgbé ayé wo ni wọ́n sì ti wá? Ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ wo, níbo, nígbà wo? Ta ni ó ń lo ohun ìní, ta ni ó sì ní àṣẹ lórí rẹ̀, kí wọ́n tó sá àti lẹ́yìn tí wọ́n sá?

Ìbéèrè kejì ni àwọn olùkọ́ máa ń fi ṣeré nínú kíláàsì. Wọn a pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ẹgbẹ́ méjì. Ẹgbẹ́ kan yóò kọ ọjọ́ kan nínú ayé obìnrin inú àgọ́, láti ìgbà tí ó jí títí di ìgbà tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì yóò kọ ti ọkùnrin. Wọn a lẹ ìwé méjèèjì mọ́ ògiri. Nígbà náà ni olùkọ́ yóò béèrè pé, “Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ẹ fi ìpàdé àwọn ará àgọ́ sí. Ta ni yóò lè wá?” Wọn a tún ní kí a ya àwòrán àgọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn ọkùnrin ya tiwọn, kí àwọn obìnrin ya tiwọn, kí olúkúlùkù sì sàmì sí ibi tí ẹ̀rù ti ń bà á. Ẹni tí ó ń gba ọ̀nà odò kọjá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kò ní sàmì sí ibi kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ń jókòó sábẹ́ igi níwájú bìrò.

Lójú tiwa, ìbéèrè kẹta ni ó le jù, òun sì ni ó kan ìlú wa jù lọ. Ẹ wo ilé wa. Ìyá tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Ouando ní àpò tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé owó inú àpò yẹn kì í ṣe ti òun. Ó lè yá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò san án, bí kò bá sì tètè san án, yóò gbọ́ ọ. Nínú ilé olórogún, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ààrò tirẹ̀, ó mọ iye ọmọ tí òun ń bọ́, kò sì sí ẹni tí ó retí pé kí ìyálé bá ìyàwó kékeré pín ìṣasùn. Fọ́ọ̀mù tí ó sọ pé ilé kan, olórí kan, àpò kan, kò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ tí ẹnì kan ní àṣà wa ni pé kí a fún baálé ní gbogbo rẹ̀, a máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé àṣà ta ni. Obìnrin tí ó ní àpò tirẹ̀ kí ogun tó dé, tí wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ káàdì ọkọ rẹ̀ nínú àgọ́, àṣà kọ́ ni wọ́n pa mọ́ fún un. Wọ́n gba ohun tí ó ní lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni àwọn tí wọ́n wá ràn án lọ́wọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, HCR ṣe ìlérí márùn-ún fún àwọn obìnrin ogunléndé. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí a máa forúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní tirẹ̀, kí ó sì ní ìwé tirẹ̀. Òmíràn ni pé kí àwọn obìnrin lọ́wọ́ nínú pípín oúnjẹ, kí ìdajì ìgbìmọ̀ àgọ́ sì jẹ́ obìnrin. Òmíràn tún wà tí àwọn ọkùnrin kan máa ń rẹ́rìn-ín sí nínú kíláàsì, èyí tí ó ní kí a máa fún gbogbo obìnrin àti ọmọbìnrin ní ohun tí wọn yóò fi tọ́jú ara wọn nígbà nǹkan oṣù. Àwa tí a ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í rẹ́rìn-ín sí i, nítorí a mọ̀ pé àga tí ó ṣófo ní kíláàsì lè ní ìdí bẹ́ẹ̀.

Goma, 1994

Ní oṣù Keje ọdún 1994, láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ará Rwanda tí iye wọn tó 800,000 ya wọ agbègbè Goma, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Zaïre nígbà náà. Kọ́lẹ́rà pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kí oṣù náà tó parí. Nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ wá ọ̀nà tí ó yá jù láti pín oúnjẹ: wọ́n kó o fún àwọn olórí kọ́múùnù tí wọ́n bá àwọn ènìyàn náà wá, pé kí wọ́n pín in fún àwọn ará wọn. Ọkùnrin ni púpọ̀ jù lọ nínú àwọn olórí wọ̀nyí, àwọn kan nínú wọn sì ni ó darí ìpakúpa tí ó ṣẹ̀ ní Rwanda. Wọ́n tọ́jú tiwọn, wọ́n fún ọ̀rẹ́, wọ́n tà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣègùn wọn ara àwọn ọmọdé nínú àgọ́, wọ́n rí i pé ilé tí obìnrin nìkan ń darí ni ebi ti ń pa ọmọ jù.

Oúnjẹ wọ àgọ́. Ìwé ọkọ̀ akẹ́rù fi hàn pé ó wọlé. Ẹni tí ó bá ka ìwé ọkọ̀ nìkan yóò ní gbogbo ènìyàn jẹun. Nígbà tí wọ́n yí ètò padà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ lé ìdílé lọ́wọ́ tààrà, ni ọwọ́ àwọn olórí náà tó dín. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ìbéèrè “ta ni”. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń ní kí a kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là ná, a ó wá sọ ti obìnrin àti ọkùnrin lẹ́yìn. Ní Goma, ìbéèrè náà ni ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tí ó yè àti èyí tí kò yè.

Igi ìdáná

Ibi tí a fẹ́ dúró lé díẹ̀ nìyí, nítorí ó fi agbára ìdánilẹ́kọ̀ọ́ hàn, ó sì fi ibi tí agbára náà mọ hàn.

Ní 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn àgọ́ Dadaab sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn àríwá Kẹ́ńyà fún àwọn ará Sòmálíà tí ogun abẹ́lé lé jáde. Ifo, Dagahaley àti Hagadera ni orúkọ àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ènìyàn 90,000 ni wọ́n rò pé wọn yóò gbà. Iye tí ó wọ ibẹ̀ nígbà tí ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Wọ́n ṣírò oúnjẹ dáadáa: ọkà iye báyìí, ẹ̀wà iye báyìí, òróró iye báyìí fún ẹnì kan lóòjọ́. Oúnjẹ tútù ni gbogbo rẹ̀. Ta ni yóò sè é, igi wo ni yóò sì fi sè é? Ẹni tí ó bá ti se ẹ̀wà gbígbẹ rí mọ iye igi tí ìkòkò kan lè jẹ. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ sì ni ibẹ̀. Igi tí ó wà nítòsí tán kíákíá. Àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin ń rìn jìnnà sí i lójoojúmọ́ nínú igbó ẹ̀gún, àwọn jàǹdùkú sì ń dènà dè wọ́n níbẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di 1993, ìròyìn ìfipábánilòpọ̀ ní Dadaab ti dé etí ayé, HCR sì dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí.

Nínú kíláàsì, ọkùnrin kan yóò máa béèrè pé, “Kí ló dé tí àwọn ọkọ wọn kò lọ ṣẹ́gi?” Ìbéèrè tó dára ni. Ní Darfur, ní ilẹ̀ Sùdáánì, níbi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 2003, ìdáhùn tí àwọn ìdílé ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ni pé bí ọkùnrin bá lọ, wọn yóò pa á. Bí obìnrin bá lọ, wọn yóò fipá bá a lò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó padà wálé. Ìṣirò tí ìdílé ń ṣe ní alẹ́ nìyẹn, kí ilẹ̀ tó mọ́. Òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ ìdáhùn yìí yóò rò pé ọ̀lẹ ni àwọn ọkùnrin, yóò sì kọ ètò tí yóò rán wọn lọ sí ikú.

Ní 1998, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi ìdáná wá fún àwọn ìdílé ní Dadaab. Igi náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ilé kan nílò. Nígbà tí wọ́n yẹ ètò náà wò lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ohun méjì ni wọ́n rí. Ní àkókò tí igi bá pọ̀ nílé, ìfipábánilòpọ̀ ní ọ̀nà igi dínkù ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ó pọ̀ sí i ní ibòmíràn. Àwọn jàǹdùkú kò ní ìfẹ́ sí igi. Obìnrin ni wọ́n ń wá, nígbà tí wọn kò rí i ní igbó, wọ́n wá a lọ sí ibi tí ó wà.

Ṣé kí wọ́n má kó igi wá nígbà náà? Àwa kò sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí kò lọ sí igbó ní ọjọ́ kan ti bọ́ lọ́wọ́ ewu igbó ní ọjọ́ náà. Ohun tí a ń sọ ni pé igi kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe ilé ẹjọ́, kì í sì í ṣe ọgbà tí ó yí ilé ká. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi igi kan ṣoṣo tàbí fìtílà kan ṣoṣo hàn bí oògùn gbogbo àrùn ti tan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jẹ. A fẹ́ kí olùkọ́ fi ìdajì tí ó dára àti ìdajì tí kò dára nínú ìtàn Dadaab hàn wọ́n, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn wá ohun tí ó kù.

Ọwọ́ tí ó ń pín

Títí di ibí, ẹni tí ó ń ṣe ibi wà ní ìta: jàǹdùkú, olórí kọ́múùnù, sójà. Ní òpin 2001, HCR àti Save the Children ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán àwọn olùwádìí lọ sí Gínì, Làìbéríà àti Sierra Leone. Wọ́n bá ọmọdé àti àgbà tí iye wọn tó nǹkan bí 1,500 sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìròyìn wọn jáde ní oṣù Kejì ọdún 2002, ó mú ojú ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn ọmọbìnrin, tí púpọ̀ wọn kò tíì pé ọdún 18, ń fi ara wọn fún ọkùnrin kí wọ́n lè rí oúnjẹ, ọṣẹ tàbí tapólì tí wọn yóò fi bo orí ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ wà lára àwọn ọkùnrin náà, pàápàá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí àwọn ONG gbà síṣẹ́. Àwọn ọmọ ogun apẹ̀tùsíááwọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ inú àgọ́ náà wà níbẹ̀. Àjọ tí ó lé ní 40 ni orúkọ wọn jẹ yọ. Àwa olùkọ́ kò lè kà á kọjá bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni.

Ẹ wo bí ó ṣe kan káàdì. Ọmọbìnrin tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé kankan, tí kò ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tí yóò bá a tò, akọ̀wé ni ó kù tí ó lè wọlé tọ̀. Akọ̀wé ní ìwé, ó ní òǹtẹ̀, ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù. Owó oṣù rẹ̀ lè má tó nǹkan, ṣùgbọ́n níwájú ọmọ yẹn, ọba ni.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003, Akọ̀wé Àgbà ONU, Kofi Annan, gbé àṣẹ jáde tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 lò pọ̀, ohun yòówù kí òfin orílẹ̀-èdè náà sọ. Bí ó bá ní òun kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, kì í ṣe àwáwí. Kò gbọdọ̀ fi owó, iṣẹ́ tàbí ẹrù ìrànwọ́ gba ara ẹnikẹ́ni. Bí ó bá fura sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dandan ni kí ó sọ. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó ń mú kíláàsì dákẹ́. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti ń bá àbúrò wáṣẹ́, tí ọ̀gá sì lè jẹ́ ọmọ ìlú ẹni, ta ni yóò lọ fi ọ̀gá rẹ̀ sùn? Olùkọ́ tí ó bá fo ibí yìí kọjá, tí ó ní “ó ti wà nínú òfin”, kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kúrò níbẹ̀ ní mímọ orúkọ ẹni tí òun yóò bá sọ̀rọ̀, ọ̀nà tí òun yóò gbà bá a sọ̀rọ̀, àti ohun tí yóò dáàbò bo iṣẹ́ òun.

Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Wọ́n wà nínú rẹ̀ pátápátá. Àwọn ọmọkùnrin ni àwọn ológun máa ń wá kó jù nínú àgọ́. Àgbẹ̀ tí kò ní oko mọ́ ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, ohun tí ó fi jẹ́ ọkùnrin lójú ara rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lè jẹ ìyà ìbínú rẹ̀. Opó ọkùnrin tí ó gbé ọmọ ọwọ́ dání lè débi tí wọ́n ti ń pín ohun ìtọ́jú ọmọ, kí wọ́n ní àwọn ìyá nìkan ni ètò náà wà fún. Ọkùnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ nínú túbú kì í fẹnu sọ ọ́. Ìwé atọ́nà tí àwọn àjọ ìrànwọ́ jọ tẹ̀ ní 2006, tí wọ́n sì tún kọ ní 2018, dárúkọ obìnrin, ọmọbìnrin, ọmọkùnrin àti ọkùnrin pọ̀.

Àwọn tí ó kọ́ àwọn olùkọ́

Láàárín 1981 sí 1983, ogun lé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Maya kúrò ní Guatemala, wọ́n sì wọ gúúsù Mẹ́síkò. Nǹkan bí 45,000 ni wọ́n gba orúkọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogunléndé. Ní 1990, àwọn obìnrin inú àgọ́ wọ̀nyẹn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Mamá Maquín, ní ìrántí Adelina Caal, ìyá àgbà kan tí àwọn sójà yìnbọn pa ní Panzós ní 1978, ní ọjọ́ tí àwọn àgbẹ̀ lọ béèrè ilẹ̀ wọn. Wọ́n kọ́ ara wọn ní ìwé kíkà. Wọ́n fi èdè ara wọn sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Nígbà tí ìjíròrò lórí pípadà sílé bẹ̀rẹ̀, wọ́n béèrè ohun kan: pé kí orúkọ ìyàwó wà pẹ̀lú orúkọ ọkọ lórí ìwé ilẹ̀ tí wọn yóò padà sí.

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ padà sí Guatemala ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1993. Kì í ṣe gbogbo ibi ni ìlérí náà ti ṣẹ. Ní àwọn abúlé kan, àwọn ọkùnrin tí ó darí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní àkókò ogun ti kọjá, kí àwọn obìnrin padà sí ìdí ààrò. Àwọn obìnrin kan kò padà síbẹ̀. Ohun tí ó jọ wá lójú jù nínú ìtàn yìí ni pé àwọn obìnrin náà fúnra wọn ni ó béèrè ìwé ilẹ̀. Àwọn tí ilẹ̀ ń dùn ni. Láti 2006 ni HCR ti ní ìwé ìlànà kan tí ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin lọ́tọ̀, àwọn ọkùnrin lọ́tọ̀, àwọn ọmọbìnrin lọ́tọ̀, àwọn ọmọkùnrin lọ́tọ̀, kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn kí wọ́n tó kọ ètò. Ó ń gba àkókò. Ọ̀pọ̀ ètò ìrànwọ́ kò fẹ́ fún un ní àkókò náà.

Nílé wa

Kétu mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ogun lé ni. Ní 1886 ni ogun Dànhòmẹ̀ fọ́ ìlú náà, tí wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tí ó yè padà wá tún un tẹ̀ dó. Ní ayé tiwa yìí, a rí àwọn ará Tógò tí wọ́n sá fún rògbòdìyàn Lomé ní 1993. A tún rí wọn lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹrin ọdún 2005, nígbà tí nǹkan bí 40,000 sá wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Gáná. Wọ́n dá àgọ́ sílẹ̀ fún wọn ní Comè àti ní Agamé, lẹ́bàá Lokossa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò wọ àgọ́. Ilé ìbátan ni wọ́n wọ̀, ilé ọ̀rẹ́, ilé ẹni tí ó bá wọn sọ èdè kan náà.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ta ni ó fi omi kún ọbẹ̀? Ìyàwó onílé ni. Ta ni ó jí ṣáájú àkùkọ láti pọn omi ẹni mẹ́wàá dípò ẹni márùn-ún? Ọmọbìnrin onílé ni, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò pẹ́ dé kíláàsì wa. Fọ́ọ̀mù kì í béèrè lọ́wọ́ wọn, nítorí wọn kì í ṣe ogunléndé. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá ń lọ síṣẹ́ ní àríwá, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń gba àlejò sínú yàrá wọn, a rọ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìbéèrè yìí kún tàwọn olùkọ́ wọn.

Kí wọ́n sì mú àwọn ìwọ̀n mélòó kan lọ nínú àpò, tí ìwé Sphere, tí àwọn ONG ń lò káàkiri ayé, là sílẹ̀: ó kéré tán, líítà omi 15 fún ẹnì kan lóòjọ́, kí ibi tí a ti ń pọn omi má jìnnà sí ilé ju mítà 500 lọ, kí ẹni tí ó wá pọn omi má tò ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún ènìyàn 20, kí ti obìnrin sì jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan ti ọkùnrin. Wọn yóò rí i pé iye lè pé lórí ìwé, kí àwọn ọmọbìnrin má sì lo ilé náà ní alẹ́. Kí wọ́n rìn lọ síbẹ̀ fúnra wọn lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Kí wọ́n wò ó bóyá iná wà lójú ọ̀nà. Kí wọ́n wọlé, kí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, kí wọ́n fi ọwọ́ wá ìkọ́ rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá inú ni wọ́n kàn án mọ́ tàbí ìta.